Ife Ìwọ̀n Tó Tẹ̀ Níkùn

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ohun pàtàkì kan tó tọmọdé tàgbà létí: ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í mu ohunkóhun nínú ife tí kò bá kọ́kọ́ gbé sókè sínú ìmọ́lẹ̀ wò. Ìbáà jẹ́ ilé ìgbéyàwó ló wà, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, á di ife náà mú nídìí, á kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, á di ojú òsì, á wá fi ojú ọ̀tún wò ó bí adájọ́ tó ń wo ẹlẹ́rìí. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé omi fún un nílé àwọn àna rẹ̀, ó gbé ife sókè, ó wò ó, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un fọ̀. Wọ́n tún un fọ̀. Wọ́n sì tún fún un ní ìyàwó, èyí tó fi hàn pé sùúrù àwọn àna náà ju ọṣẹ wọn lọ.

Iṣẹ́ ló kó ìwà yìí ràn án. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tó ti ń po ọtí ní báà hòtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ọwọ́-Yìnyín ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbóná. Ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́ á fa tirẹ̀ sẹ́yìn, á wo ìka rẹ̀ bóyá wọ́n pé. Báà náà kò tóbi. Káńtà igi kan ni, tí ìgbọ̀nwọ́ àwọn èèyàn ti fá ọ̀dà rẹ̀ kúrò níbi márùn-ún, níwájú àga gíga márùn-ún. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àga náà kúrú, àlejò ni wọ́n sì máa ń fún ní ìyẹn. Lẹ́yìn káńtà ni síńkì wà, tó máa ń jò nígbàkígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá kọjá.

Síńkì yìí gan-an ló gbé e débẹ̀. Púlọ́ńbà ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n pè é wá tún síńkì ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ nígbà tí bàbá arúgbó tó ń po ọtí nígbà náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Báà, na agolo kan tí ọtí àti yìnyín wà nínú rẹ̀ sí i.

Bàbá Báà ní, “Gbọn èyí fún mi. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pè mí.”

Ó dìde, ó gbọn ọ́n. Nígbà tí bàbá padà dé, kò tètè gba agolo náà. Ó dúró, ó dẹ etí sí ìró yìnyín inú rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Báyìí la ṣe ń gbọn páìpù tí ìdọ̀tí bá dí.”

“Fi síńkì yẹn sílẹ̀,” ni bàbá wí.

Ó fi í sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń jò di òní olónìí.

Ohun tí Bàbá Báà kọ́ ọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ife ìwọ̀n irin kan ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé. Ẹnu méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n kọ̀yìn síra wọn bí tọkọtaya tó bínú sùn. Ẹnu ńlá ni ti ọtí líle. Ẹnu kékeré, tó jẹ́ ìdajì rẹ̀, ni ti omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ṣúgà. Bí èèyàn bá fẹ́ po dákírì, ẹnu ńlá kan ti rọ́ọ̀mù, ẹnu kékeré kan ti ọsàn wẹ́wẹ́, ìdajì ẹnu kékeré ti omi ṣúgà. Kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo pẹ̀lú yìnyín, gbọn ọ́n títí tí ara agolo á fi funfun tí á sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kí o wá sẹ́ ẹ sínú ife tó ti tutù. Ó parí. Ẹni tó bá fi ohun mìíràn kún un, ó ń bẹ̀rù ni.

“Níbo ni kí n fi àtàńpàkò sí, sà?” ni Ọwọ́-Yìnyín bi í lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó gba ife ìwọ̀n náà.

Bàbá Báà wo ife náà, ó rí i pé ikùn ẹnu ńlá tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ibẹ̀ yẹn ni.”

Àtàńpàkò rẹ̀ wọ ibẹ̀ wẹ́kú, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ìtàn. Bàbá Báà gbà pé ọtí tí kò ní ìtàn, oògùn ni. Nítorí náà, bí Ọwọ́-Yìnyín bá ti ń gé ọsàn, ẹnu rẹ̀ á ti máa lọ. Á sọ fún ọ pé ó ti lé ní igba ọdún tí ẹnì kan ti kọ̀wé sí ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà pé kí ni wọ́n ń pè ní kọ́kútéèlì gan-an, tí olóòtú sì dá a lóhùn pé ọtí líle ni, pẹ̀lú ṣúgà, omi, àti oje kíkorò. Á sọ pé àwọn sójà òyìnbó ní Íńdíà ló ń fi jin sínú omi kuiníìnì torí pé kuiníìnì korò, ibà sì ń pa wọ́n. Pé àìsàn lọ tán, wọn kò sì dáwọ́ ìtọ́jú dúró. Ti dákírì ló fẹ́ràn jù. Etíkun kan ní Kúbà ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, níbi tí wọ́n ti ń wa irin. Wọ́n ní ẹnjiníà kan níbẹ̀ ní àlejò, jin rẹ̀ ti tán, rọ́ọ̀mù nìkan ló kù nílé, ni ó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó da ṣúgà sí i, ó gbé e fún wọn bí ẹni pé ohun tó ní lọ́kàn láti àárọ̀ nìyẹn.

Ní ti mátínì, ọtí àpòpọ̀ mìíràn tí wọ́n ń fi jin ṣe, ìlú méjì ló ń jà du ẹni tó kọ́kọ́ pò ó, kò sì tíì sí ẹni tó járe. Ọwọ́-Yìnyín máa ń fún ìlú tó bá wù ú.

“Dúró ná,” ni Ọ̀gá Awọnlẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan. “Lọ́dún tó kọjá, ìlú kejì lo sọ fún mi.”

“Ẹ̀yin náà lẹ wọ ẹ̀wù kóòtù lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá. Ìlú kejì ló bá kóòtù yẹn mu.”

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ yìí, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti ń jókòó sórí àga kejì ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí á mu dákírì méjì, tí á sì rìn lọ sílé. Kò sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó wọn káńtà, ó wọn ilẹ̀kùn, ó ti fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá, pé kò sí báà mìíràn tí ìwọ̀n ti péye tó báyìí. “Mo mu dákírì níbòmíràn,” á wí, “ẹyọ kan ṣoṣo, mo gbàgbé ibi tí mo gbé fìlà sí. Níbí, mo mu méjì, mo ṣì ń rí ọ̀nà tààrà. Ìwọ̀n nìyẹn! Ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n nìyẹn!”

Gbogbo àdúgbò ló gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí Ọwọ́-Yìnyín ní nìyẹn, òun náà sì gbà á.

Báyìí ni ayé ṣe rí nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ra hòtẹ́ẹ̀lì náà. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ni wọ́n kọ. Lẹ́tà náà ní ọ̀gá àyẹ̀wò kan ń bọ̀ láti olú-iléeṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán. Dákírì ni wọ́n á fi dán apoọtí wò, nítorí pé ohun mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀, àléébù kò níbi sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá yege á dúró sídìí káńtà. Ẹni tí kò bá yege, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá oúnjẹ àárọ̀, kí ó máa bójú tó ẹyin. Owó oṣù kan náà ni, lẹ́tà náà fi dá wọn lójú, bí ẹni pé ìyẹn ló ń bani lọ́kàn jẹ́. Ife ìwọ̀n tuntun kan tó ń dán gbinrin wà nínú páálí tó tẹ̀ lé lẹ́tà náà, pẹ̀lú àṣẹ pé òun ni kí wọ́n lò.

Ọwọ́-Yìnyín ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí ara rẹ̀ lọ́kàn, tó wọ épúrọ́ọ̀nù funfun ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, tó ń bi ẹni tí kò tíì jí tán bóyá sísè ló fẹ́ ẹyin rẹ̀ ni, tàbí díndín. Ẹyin kò ní ìtàn kankan.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi ife tuntun po dákírì fún Ọ̀gá Awọnlẹ̀, láìsọ nǹkan kan. Ọ̀gá fi kan ẹnu. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wo ojú Ọwọ́-Yìnyín bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn àìsàn.

“Ṣé ara rẹ le?”

“Ara mi le, sà.”

“Kí ló wá dé sí ọwọ́ rẹ? Èyí ti pọ̀ jù, ó ń ta ni lọ́fun. Ọsàn rẹ̀ dà? Adùn rẹ̀ dà?”

Ó tún un pò. Ọ̀gá ní bákan náà ni. Lórí gíláàsì kejì, Ọ̀gá gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ kejì, ó sì fi ọwọ́ di káńtà mú kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ sílé láìka ìṣísẹ̀.

Nígbà tí Ọwọ́-Yìnyín délé lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ń gé aṣọ lórí tábìlì. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò bọ́ bàtà.

“Ọwọ́ mi ti ń lọ,” ló wí.

“Lọ síbo, Bàbá wọn?”

“Mi ò mọ ọtí pò mọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọ̀gá Awọnlẹ̀ fi kan ẹnu, ó bi mí bóyá ara mi le.”

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú kúrò lára aṣọ. “Kí lẹ yí padà?”

“N kò yí nǹkan kan padà. Rọ́ọ̀mù kan náà, ọsàn kan náà. Ife tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìkan ni, ìwọ̀n sì ni ìwọ̀n ń jẹ́.”

Ìgbà yìí ni obìnrin náà gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. “Ẹ wò ó, ẹ rántí ọdún tí téèpù mi fà? Gbogbo ṣòkòtò tí mo rán lọ́dún yẹn ń gbá ilẹ̀. Mo ní àwọn oníbàárà ló ń kúrú. Ẹ lọ kó ife méjèèjì wá.”

Ó ti kó wọn sínú àpò, nítorí pé ó fẹ́ fi wọ́n dán ọwọ́ ara rẹ̀ wò níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Wọ́n gbé abọ́ omi sórí tábìlì, láàárín àwọn òwú àti bọ́tìnnì. Ìyàwó rẹ̀ bu omi kún ẹnu kékeré ti àtijọ́, ó dà á sínú ẹnu kékeré ti tuntun. Ó kún rẹ́gí. Ó bu omi kún ẹnu ńlá ti àtijọ́, ó dà á sínú ẹnu ńlá ti tuntun. Kò kún. Ó ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ọkọ ní ọwọ́ ìyàwó ń gbọ̀n.

“Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Kí ni kòtò yìí ń ṣe níkùn ife yín?”

“Ibi tí à ń fi àtàńpàkò sí nìyẹn.”

Ìyàwó rẹ̀ yí ife náà sọ́tùn-ún sósì. Ó gbé ti tuntun, tí ikùn rẹ̀ kò tẹ̀ níbì kankan. “Àwọn tó ṣe èyí kò ní àtàńpàkò nìyẹn?” ló wí, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Bàbá Báà ṣì wà láyé. Yàrá kan lókè ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, níbi tó ti ń gbọ́ rédíò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó sì ń bá a jiyàn. Nígbà tí Ọwọ́-Yìnyín lọ bá a níbẹ̀, tó sì dọ̀bálẹ̀ tán, ó yọ ife àtijọ́ náà jáde.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe ibi àtàńpàkò yìí?”

Bàbá gba ife náà, ó fi ìka pa á lára, ó bú sẹ́rìn-ín tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. “Èyí ṣì wà! Kàlẹ́ńdà ni mo fẹ́ fi kọ́ ara ògiri lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Òòlù wà lọ́dọ̀ àwọn oníkíṣìnì, mi ò sì bá wọn sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn. Èyí ni mo fi gbá ìṣó wọlé. Ìṣó wọlé, ife náà wọnú.”

“Ẹ sì sọ fún mi pé ibẹ̀ ni kí n fi àtàńpàkò sí.”

“Ìwọ lo bi mí níbo ni kí o fi í sí. Mo wò ó, mo rí kòtò.”

“Bàbá! Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń fún àwọn èèyàn ní ọtí tí kò pé!”

“Ta ló wá bá ọ pé kò pé?”

Ọwọ́-Yìnyín ronú. Kò sí ẹnì kankan.

“Ó dáa,” ni bàbá wí, ó sì yí ohùn rédíò rẹ̀ sókè.

Lójú ọ̀nà ilé ni gbogbo rẹ̀ wá hàn sí Ọwọ́-Yìnyín. Òkìkí ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n, ìṣó kàlẹ́ńdà ló dá a sílẹ̀. Bí ó bá lo ife àtijọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá àyẹ̀wò á rí i pé rọ́ọ̀mù kò pé, ẹyin ni yóò kàn. Ó pinnu pé ti tuntun ni òun yóò lò, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá àyẹ̀wò dé. Obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún ni, ó wọ bàtà tí kò pariwo, ó di fọ́ọ̀mù mọ́ pátákó kan. Àlejò ni, nítorí náà wọ́n fún un ní àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ó dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Ẹ máa ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ife wa ni kí ẹ lò. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ni mo fẹ́ bá lọ.”

Ọwọ́-Yìnyín pò ó. Ó gbọn ọ́n tí agolo fi funfun. Màdámù tọ́ ọ wò, ó fi omi ṣan ẹnu, ó tún un tọ́ wò, ó fa àmì sórí fọ́ọ̀mù níbi mẹ́rin. “Bí ìwé ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó ku apá kejì. Oníbàárà tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín á tọ́ ọ wò, á fọwọ́ sí i pé bí ọtí yín ṣe máa ń rí nìyí. Tí kò bá sí ìfọwọ́sí yẹn, àyẹ̀wò kò pé.”

Kò sẹ́ni tó ti sọ ti apá kejì yìí fún Ọwọ́-Yìnyín. Ó wo àga kejì. Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ti tún táì rẹ̀ ṣe, ó ti yọ bírò tirẹ̀ jáde.

Ọ̀gá fi kan ẹnu. Ó dé bírò náà padà.

“N kò lè fọwọ́ sí èyí.”

“Kí ló dé, sà?” ni Màdámù bi í.

“Kì í ṣe ọtí rẹ̀ nìyí. Wọ́n ti yí i lọ́wọ́ padà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi, ọmọ mi, ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe é. Èyí kò péye.”

“Sà, mo fi ojú mi rí i. Ó péye.”

“Ojú rẹ kò dàgbà tó ahọ́n mi.”

Ọwọ́-Yìnyín bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní àyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mú ife àtijọ́ láti ẹ̀yìn ìgò, ó pò ó. Ọ̀gá Awọnlẹ̀ tọ́ ọ wò, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyẹn ni! Ìwọ̀n nìyẹn! Ẹ mú fọ́ọ̀mù wá.” Màdámù náà tọ́ ọ wò, ó sì gbé bírò sókè láti fagi lé àmì mẹ́rin tó ti fà. Ó ní rọ́ọ̀mù kò pé. Ó dùn o, kò sọ pé kò dùn. Ó tilẹ̀ tún fi kan ẹnu nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun. Ṣùgbọ́n kò pé.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Màdámù fẹ́ kí ìwọ̀n pé, Ọ̀gá fẹ́ kí ìwọ̀n pé, wọn kò sì lè fọwọ́ sí ìwé kan náà. Láàárín àwọn méjèèjì, Ọwọ́-Yìnyín gbọ́ bí àwo ṣe ń dún ní yàrá oúnjẹ àárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ tábìlì tọ̀la.

Ó mú agolo méjì. Ó gbé ife méjèèjì sórí káńtà, ní gbangba, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò lè wò. Ó fi ti tuntun wọn rọ́ọ̀mù sínú agolo ọ̀tún, ó fi ti àtijọ́ wọn rọ́ọ̀mù sínú agolo òsì. Ọsàn kan náà ló gé sí méjì fún wọn. Ó gbọn agolo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí kò ṣe rí. Ìró rẹ̀ bá ti ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá mu, síńkì sì ń jò.

“Màdámù, tiyín rèé. Ọ̀gá, tiyín rèé.”

Wọ́n jọ gbé e sẹ́nu.

“Ó pé,” ni Màdámù wí.

“Mo sọ fún ọ,” ni Ọ̀gá Awọnlẹ̀ wí.

Màdámù fi àmì mẹ́rin náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ife ìwọ̀n méjì tó dúró lórí káńtà, ó tún wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Ọ̀gá Awọnlẹ̀ fọwọ́ sí apá kejì pẹ̀lú ìlà gígùn kan lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó gùn débi tó jọ ààlà ilẹ̀. Fọ́ọ̀mù wá dé iwájú Ọwọ́-Yìnyín, torí pé apoọtí náà ní ìbéèrè kan láti dáhùn kó tó fọwọ́ sí i. Ìbéèrè náà kúrú: “Ṣé ọtí kan náà ni ọ̀gá àyẹ̀wò àti oníbàárà mu?” Àpótí méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan fún Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan fún Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Rọ́ọ̀mù kan náà ni. Inú ọsàn kan ṣoṣo ni omi ọsàn méjèèjì ti jáde. Ọwọ́ kan náà ló pò ó, orúkọ kan náà ló ń jẹ́, ìtàn kan náà ló ní. Àwọn tó mu ún méjèèjì sì ti fọwọ́ sí i pé ó pé. Ó fa àmì rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, Màdámù sáré bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ, àwọn olú-iléeṣẹ́ kò sì gbé e kúrò nídìí káńtà títí di òní. Àpótí tó fàmì sí, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún, obìnrin náà kò sì fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bírò ló wà lọ́wọ́ yín yìí, ẹyin ló sì ń dúró lódì kejì: èwo ni ẹ ó fàmì sí?